"Kí ni ìwádìí ti ṣe fún wa rí?": Ìdáhùn sí ìyá kan tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀

Ìyá kan láti ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wọn. Ó bá àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan níbẹ̀. Wọ́n ní yunifásítì ló rán àwọn, pé ìwádìí lórí ibà ni àwọn ń ṣe, àti pé bí ó bá lè fọwọ́ sí ìwé, àwọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bá bàbá ọmọ sọ ọ́. Bàbá ọmọ fárígá, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ní títà ni wọ́n ń ta irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí bí ó ṣe kọ ọ́: "Ẹ̀yin dókítà, ẹ má bínú o. Ilé ìwòsàn wa kò ní omi, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, oògùn ibà ti tán láti oṣù tó kọjá. Àwọn olùwádìí nìkan ni kì í tán. Kí ni ìwádìí ti ṣe fún wa rí? Ṣé kí n gbà kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, àbí kí n má gbà?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. N kò bínú rárá. Ìbéèrè yín tọ́, ó sì ti pẹ́ tí ó yẹ kí ẹnì kan ti bi wá bẹ́ẹ̀. Apá tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ bà: ọwọ́ yín ni bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ wà, bí ẹ bá sì kọ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi àjẹsára tàbí ìtọ́jú du ọmọ yín. Ṣùgbọ́n yóò ṣòro kí ẹ tó lè yan èyí tó dára jù bí ẹ kò bá mọ ohun tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí n tó padà sórí ìwé tí wọ́n gbé síwájú yín.

Ẹ wo káàdì tí ẹ gbé dání lọ síbi àjẹsára lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti ń fi àmì sí ibi tí ìwọ̀n ọmọ dé, tí ó sì ń fa ìlà láti àmì kan sí èkejì. Ilé yín ni ẹ sì ń gbé e pamọ́ sí, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé òkè òkun ni wọ́n ti gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ wá bá wa, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ti gbéra sọ. Ní 1956, dókítà ọmọdé kan tó jẹ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò pẹ́ tí ó fi yé e pé kí wọ́n tó gbé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ dé ọ̀dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí: àìjẹunkánú ti mú wọn rù kan egungun, tàbí kí èéyi ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ó kúrò nídìí ibùsùn aláìsàn, ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí wọ́n bí nílùú náà, láti ìgbà ìbí títí wọ́n fi ń lọ sí ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá yàgbẹ́ gbuuru, bí wọ́n bá húkọ́, bí èéyi bá mú wọn, bí ìyá bá já wọn lẹ́nu ọmú.

Ohun tí wọ́n rí nínú kíkọ-sílẹ̀ yẹn kò ṣeé rí nínú ilé ìwòsàn ńlá kankan. Ọmọ tí yóò rù kì í rù lójijì. Ìwọ̀n rẹ̀ yóò ti dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ojú ìyá tàbí ti ìyá àgbà tó rí i pé ara ọmọ ń joro, ìlà orí káàdì tí kò gòkè mọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ kígbe. Bí nọ́ọ̀sì bá gbọ́ igbe yẹn ní àkókò, ẹ̀kọ́ tí wọ́n po ẹ̀pà tàbí ẹyin mọ́ lè tó láti yí i padà. Bákan náà ni ó hàn pé kò dìgbà tí dókítà bá wà níbẹ̀: nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ dáadáa lè dá àìsàn ọmọdé tó pọ̀ jù lọ mọ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀, kí ó fún ọmọ ní àjẹsára, kí ó sì bá ìyá sọ̀rọ̀ oúnjẹ, lọ́jọ́ kan náà àti lórí ìjókòó kan náà. Ikú àwọn ọmọdé dín kù gan-an ní Ìmẹ̀sí. Ètò ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tàn láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, káàdì náà sì tẹ̀ lé e. Nígbà yẹn ọ̀pọ̀ àwọn oníṣègùn gbà pé bí wọ́n bá fi ìwé ìtọ́jú lé ìyá lọ́wọ́ yóò sọ ọ́ nù. Morley fi í sínú ọ̀rá, ó fi lé wọn lọ́wọ́, àwọn ìyá sì tọ́jú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ èéyi tí ọmọ yín gbà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ní ìtàn tó kan ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí Morley gbọ́ pé John Enders àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston ní Amẹ́ríkà ń ṣe àjẹsára èéyi, ó kọ̀wé sí wọn pé àrùn tí wọ́n kà sí kékeré lọ́dọ̀ wọn ń pa ọmọ púpọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Samuel Katz, ọ̀kan nínú wọn, wá fúnra rẹ̀. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti mọ̀ bóyá ara wọn ti kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn náà jà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1962, ọdún kan kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí àjẹsára èéyi. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí han màmá bàbá ọmọ. Ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn kí ayé tó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ tí ó ń gbé ibi tí ibà àti àìjẹunkánú pọ̀ sí.

Ìtàn kejì kàn mí fúnra mi. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera kan ní Ìbàràpá, wọ́n fi Igbó-Ọrà ṣe ibùjókòó rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a sì máa lọ gbé ibẹ̀ láti kọ́ bí àìsàn ṣe ń rí nígbà tí kò tíì dé ilé ìwòsàn ńlá. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni èmi náà lọ. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn kan, a lọ sí Ìdèrè, mo sì bá àgbẹ̀ kan lórí ẹní níwájú ilé rẹ̀. Egbò kan wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ. Láti inú egbò náà ni nǹkan funfun kan ti yọ jáde bí òwú ìránṣọ, ó sì ti rọra ká a mọ́ igi ìṣáná. Lójoojúmọ́ ni ó ń yí igi ìṣáná náà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré, nítorí bí ó bá fà á já, ẹsẹ̀ yóò wú, ìrora rẹ̀ yóò sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti wà lórí ẹní yẹn. Ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó ti ro sílẹ̀ de òjò àkọ́rọ̀ ń wò ó. Sòbìyà ni.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nígbà náà gbà pé inú ara ènìyàn ni sòbìyà ń bẹ láti ọ̀run wá, pé ó kàn ń jí nígbà tí ara kò bá le ni. Àwọn olùkọ́ wa kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n béèrè, wọ́n kà. Adágún omi wo ni agbo ilé yìí ti ń pọn omi? Ta ni ó yọ sòbìyà lọ́dún tó kọjá, ta ni ó yọ ọ́ lọ́dún yìí? Oṣù wo ni? Ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ni pé kòkòrò tín-ín-rín kan wà nínú omi adágún tí ó ń gbé ọmọ sòbìyà mì. Ènìyàn a mu omi náà, yóò sì tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn ọ̀hún, tí ó lè gùn tó mítà kan, tó wá ọ̀nà àbájáde ní ẹsẹ̀. Ibi tí ó ti fẹ́ jáde a máa ta bí iná. Ẹni tí ó ń ta a sọ ẹsẹ̀ sínú adágún kí ó lè tù ú, aràn náà a sì tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi tí gbogbo ìlú yóò mu. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì nìkan kò lè sọ fún ènìyàn pé adágún wo ni, ẹsẹ̀ ta ni, àti pé aṣọ wo ni àwọn obìnrin Ìdèrè yóò gbà láti fi sẹ́ omi láìjẹ́ kí ó di ìnira fún wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ni ìmọ̀ yẹn wà.

Kò sí oògùn tí ń pa sòbìyà nínú ara, kò sí àjẹsára rẹ̀ títí di òní. Aṣọ asẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ní Ìdèrè, àwọn télọ̀ ìlú ni wọ́n rán asẹ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ìlú fúnra rẹ̀ yàn, tí wọ́n sì kọ́ níṣẹ́, ni wọ́n ń tà á fún àwọn aládùúgbò wọn ní owó tí kò ga, tí wọ́n sì ń fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú kànga àti oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún, ni Nàìjíríà gbé lé nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá àrùn náà láti abúlé dé abúlé ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ìkàyé àkọ́kọ́ yẹn rí àwọn tí ó ju 650,000 lọ. Ẹ fojú inú wò ó: ẹgbẹẹgbẹ̀rún oko tí kò rí ẹni ro ó. Oṣù kọkànlá 2008 ni ẹni tó kẹ́yìn yọ sòbìyà ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu; ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Ọmọ yín kò ní mọ ohun tí sòbìyà jẹ́ àfi bí ẹ bá pa á nítàn fún un. Àwọn tí wọ́n jókòó dáhùn ìbéèrè ní Ìbàràpá, tí wọ́n na ẹsẹ̀ kí a wò ó, wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn kò kúkú ṣe ìwádìí wọn lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, kí wọ́n wá kó èsì rẹ̀ fún wa. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ti ná wa ní ẹ̀mí. Ọmọ tí ibà líle mú, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí mímí rẹ̀ kò já gaara mọ́: ohun tí ìwé ìṣègùn òkè òkun sọ ni pé kí wọ́n tètè fa omi púpọ̀ sí i lára. Ó bọ́gbọ́n mu, gbogbo wa la sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kathryn Maitland, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kilifi ní etíkun Kenya, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kenya, Uganda àti Tanzania dán an wò lára ọmọ 3,141, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2011. Láàárín wákàtí 48, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n fa omi kíákíá sí lára, ó lé ní mẹ́wàá tí ó kú; nínú ọgọ́rùn-ún tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, nǹkan bíi méje ni. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí ó tó parí. Mo rántí ọjọ́ tí mo ka èsì yẹn, mo sì jókòó pẹ́ kí n tó lè dìde, nítorí èmi náà ti pàṣẹ omi kíákíá fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ tí ń báni mí, tí ọmọ tí ó wá síbẹ̀ kò lẹ́jẹ̀ lára, tí ibà sì wà lára rẹ̀, kì í ṣe ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ ìwé náà fún. Ẹni tí kò bá wá wò ó lọ́dọ̀ wa kò lè mọ̀.

Mo lè ka àwọn mìíràn, kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn olóògùn tí ẹ ń ta sórí ibùsùn, ní abúlé Gambia ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, láti ìparí àwọn ọdún 1980, pé ó ń dín ikú ọmọdé kù. Oògùn inárun tí ẹnì kan nínú abúlé ń pín fún àwọn ará abúlé lọ́dọọdún, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, ní àárín àwọn ọdún 1990 ló fi hàn pé àwọn ará ìlú lè pín in fúnra wọn láìdúró de dókítà. Àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní R21, lára ọmọ 450 ní Nanoro ní Burkina Faso ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Halidou Tinto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò, èsì rẹ̀ jáde ní 2021; oṣù kejìlá 2024 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá ọmọ kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ní 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ yírùnyírùn ń pa ènìyàn ní Kano, ilé-iṣẹ́ oògùn kan láti òkè òkun wá dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé bí igba. Mọ́kànlá nínú wọn kú, àwọn mìíràn sì di aláàbọ̀ ara. Ẹjọ́ lórí bóyá oògùn náà ló fà á, tàbí àrùn náà fúnra rẹ̀, gba ọ̀pọ̀ ọdún, kí ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano tó parí ọ̀rọ̀ ní 2009. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ òbí sọ ni pé àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni, pé ìtọ́jú ni àwọn rò pé ó jẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ọ̀rọ̀ yẹn bàjẹ́ kò tíì padà tán títí di òní. Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 ti fi ìgbìmọ̀ kan lélẹ̀ tí yóò máa mójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn ṣe ìwádìí àfi bí ó bá mọ ohun tó wà níbẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i. Nítorí irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano ni ìwé tí wọ́n gbé síwájú yín fi gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bi tiwa tún wà, tí kò kan oògùn. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo wà lára ikọ̀ kan tí ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ní abúlé kan. A kó ẹ̀jẹ̀ lọ, a yẹ̀ ẹ́ wò, a kọ ìwé, a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ìpàdé àwọn onímọ̀. A kò padà sí abúlé náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, mo pàdé baálẹ̀ wọn ní gáréèjì, ó kí mi dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà ilé, ó wá ní, "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ wa ńkọ́?" N kò rí nǹkan sọ. Èsì náà wà nínú kọ̀ǹpútà mi, ó sì yẹ kí ó ti dé ọwọ́ rẹ̀: ọmọ mélòó ni ibà wà lára wọn, oògùn wo ni ó ṣiṣẹ́, adágún wo ni ẹ̀fọn ti ń pọ̀. Olùwádìí tí kò bá padà wá sọ èsì, olè ni mo kà á sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìwé rẹ̀ pé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ìka ọmọ ni wọ́n fẹ́ gún, ẹ̀kán díẹ̀ péré ni wọn yóò gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ fà á láti inú iṣan apá, nǹkan bíi mìlílítà méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà lára ọmọdé, èyí kò sì kún ṣíbí tíì kan. Ọmọ tí ó wọ̀n tó kílò mẹ́wàá ní nǹkan bí mìlílítà 800 ẹ̀jẹ̀ lára, ó ju ìgò omi 75 sẹ̀ǹtílítà tí wọ́n ń tà létí títì lọ díẹ̀. Ara rẹ̀ yóò sì dá ìwọ̀nba tí wọ́n fà padà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò kún ṣíbí tíì kò ṣeé fà sí ènìyàn kankan lára, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò rà á fún ìyẹn. Ẹ bá mi fi sùúrù sọ èyí fún màmá, nítorí ìfẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ló mú kí ó sọ̀rọ̀.

Kí ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ le? Màmá yóò rántí oògùn ibà tí ó máa ń yún wa lára ní ayé ọjọ́un, tí àwọn mìíràn kì í lè sùn mọ́jú nítorí rẹ̀. Oògùn yẹn ṣe gudugudu méje fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí kòkòrò ibà fi kọ́ bí yóò ṣe yè é. Àwọn olùwádìí tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wò ló kọ́kọ́ rí i pé lílò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kò lè lé ibà lọ mọ́, ohun tí wọ́n rí ló sì mú kí Nàìjíríà yí oògùn padà ní 2005 sí oògùn àpapọ̀ tí ẹ ń lò báyìí. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ti rí kòkòrò ibà ní Rwanda, Uganda àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tí ó ti ń kọ́ bí yóò ṣe yè bọ́ lọ́wọ́ oògùn tuntun yìí náà. Bí irú rẹ̀ bá dé Òkè-Ògùn, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ni a ó ti kọ́kọ́ rí i, kí ó tó di pé ọmọ lo oògùn tán tí ibà kò lọ. Kòkòrò ibà sì lè wà lára ọmọ tí ń ṣeré kiri, tí ara rẹ̀ kò gbóná rárá.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá tó já gaara, kì í ṣe kí wọ́n kàn tọ́ka sí ibi tí ẹ ó tẹ̀ka sí. Ẹ béèrè ìgbìmọ̀ wo ni ó yẹ ìwádìí náà wò tí ó sì fọwọ́ sí i. Orúkọ ìgbìmọ̀ náà àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ wọn gbọdọ̀ wà lórí ìwé tí wọn yóò fún yín mú lọ sílé. Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà sí, ìgbà tí wọn yóò dà á nù, àti bóyá wọn yóò lò ó fún nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ibà. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìlò mìíràn yẹn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gba ti ibà nìkan. Ẹ béèrè pé, bí wọ́n bá rí ibà lára ọmọ mi, ta ni yóò sọ fún mi, lọ́jọ́ wo, oògùn wo ni ẹ ó sì fún un, níwọ̀n ìgbà tí oògùn ti tán níhìn-ín? Èyí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹni tí ó bá rí àìsàn lára ọmọ, tí ó kọ ọ́ sínú ìwé, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, kò ṣe ohun tí òfin àti ìwà ọmọlúàbí pè é láti ṣe. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá fọwọ́ sí i lónìí, ẹ lè yí ọkàn padà lọ́la.

Ní ti omi tí kò sí àti nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ìwádìí kò lè rọ́pò wọn, n kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ ìwádìí bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé ní Èkó tí ó di mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́ọ́dé pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ 52 gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe, nítorí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ti lè gba ẹ̀mí ọmọ púpọ̀ là pẹ̀lú owó tí kò pọ̀. Ní 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí pé nínú gbogbo náírà ọgọ́rùn-ún tí ìjọba bá ń ná, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò jẹ́ ti ìlera. Nàìjíríà kò tíì mú ìlérí yẹn ṣẹ. Òfin 2014 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tún ya owó kan sọ́tọ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀, fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, a sì gbọdọ̀ fi nínú rẹ̀ ra oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín mọ iye tí ó dé ilé ìwòsàn yín àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹ lọ bi wọ́n. Ìbéèrè tí ẹ bi mí yìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí oògùn tán àti ọjọ́ tí ó padà dé, bí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù, ìwádìí ni òun náà, kò sì sí yunifásítì tí ó lè ṣe é dáadáa tó ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ tèmi, tí wọ́n dáhùn àwọn ìbéèrè òkè yìí láìfì síhìn-ín sọ́hùn-ún, n ó gbà. Bí wọn kò bá lè dáhùn, n ó kí wọn kú iṣẹ́, n ó sì gbé ọmọ mi lọ sílé. Lọ́jọ́ tí ẹ ó bá padà lọ, ẹ mú bàbá ọmọ dání, kí ẹ sì bẹ màmá náà bí ẹsẹ̀ wọn bá gbé e, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí ìgò tí ẹ̀jẹ̀ náà yóò wọ̀. Bí ẹ bá gbà, nọ́ńbà kan yóò wà lára ìgò náà dípò orúkọ ọmọ. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tí ó jẹ́ olórí wọn, nítorí òun ni ẹ ó fi béèrè èsì.